Eré Adigunjalè ní Ìlú Ọ̀fà

Eré kan wà tó ti tàn ká ayé láti ọdún 2007, nígbà tí Takao Kato gbé e jáde ní Kyoto, nílẹ̀ Jàpáànù. Wọ́n á ti ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mọ́ yàrá, ẹ ó máa wá àmì, ẹ ó máa tú àdììtú, títí ẹ ó fi rí kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn láàárín wákàtí kan péré. Àwọn mìíràn tó ń gbé eré náà kalẹ̀ tún ń háyà òṣèré tó ń ṣe bí ọ̀gá ọ̀daràn, tó ń yọ ìbọn ìṣeré, tó ń jágbe mọ́ yín pé kí ẹ dojú bolẹ̀.

N kò ní kí ọ̀dọ́ Ọ̀fà má ṣeré. Ìjàkàdì ṣáà lorò Ọ̀fà. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó so kọ́ra nínú agbo ìjàkàdì mọ̀ pé eré làwọn ń ṣe, àwọn òǹwòran náà sì mọ̀. Ta ni yóò sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́yìn ògiri pé ìbọn tó ń dún nínú ilé yẹn, irọ́ ni?

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹrin, ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ Ọ̀fà. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ja àwọn báńkì lólè. Ó lé ní 30 èèyàn tí wọ́n pa, ọlọ́pàá 9 wà lára wọn, àwọn tó wá gbowó lásán náà sì wà níbẹ̀. Ọdún 2024 ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin tó dájọ́ ikú fún ọkùnrin márùn-ún lórí ọ̀ràn náà. Ọmọ tó di aláìníbaba lọ́jọ́ yẹn lè máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama báyìí. Ẹni tí a bí ire, tó mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò, kò ní fi ìró ìbọn dárayá.

Ìwà àwọn tó wà nínú yàrá náà tún ṣe pàtàkì. Òṣèré tó ń jágbe yẹn, oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló ń wá. Bí ìbẹ̀rù bá mú ọ débi tí o fi gbá a létí, o gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó di pé o ń ya fọ́tò. Ẹni tó rí àmì tó fi í sápò kí wọ́n lè yìn ín nìkan, ó ti já àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀.

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá máa gbé eré yìí wá sí Ọ̀fà, kí wọ́n yọ ìbọn kúrò. Kí ọ̀daràn inú rẹ̀ jẹ́ gbájú-ẹ̀ tó gbé ìwé ilẹ̀ ẹbí pamọ́, kí àwọn tó wọlé fi làákàyè wá a rí. Èmi náà yóò bá wọn ṣe irú ìyẹn.