Olùtọ́jú Aláìsàn Náà Nílò Ìtọ́jú

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ara, tí Ó sì dá ọkàn sínú rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá ọ̀gá wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun ní Afọ̀n, à ń sọ ìpayà Ọlọ́hun fún ara wa àti fún yín. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ wa àti aya wa tí wọ́n máa ń wà lójúfò ní ọsibítù nígbà tí gbogbo wa bá ti sùn.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀sìn wa. Nígbà ogun Khandaq, àgọ́ Rufaida, ọmọbìnrin ìran Aslam, wà nínú mọ́sálásí ní Mọ̀dínà. Ibẹ̀ ni Ànábì ní kí wọ́n gbé Sa'd ọmọ Mu'adh lọ nígbà tí ọfà bà á.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ojú nọ́ọ̀sì ń rí. Aláboyún kú lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Kò tíì nu omijé nù tí wọ́n ti gbé ọmọ tí gìrì mú wọlé. Ẹbí olóògbé a máa bú u. Púpọ̀ nínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ sí ìlú ọba, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta wá kù sọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ó bá délé, oorun kò wá. Àyà rẹ̀ a máa já, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun, a sì máa kanra mọ́ ọmọ. Ẹrù ti ju agbára ọkàn lọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú wọn máa ń wá sọ́dọ̀ àwa ààfáà. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ rí oníṣègùn ọpọlọ, ayé yóò pe àwọn ní wèrè. Àwọn mìíràn ní wọ́n sọ fún àwọn pé ìgbàgbọ́ àwọn ni kò tó.

Ẹ̀yin ará, èyí kò bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn mu. Ànábì Ya'qub sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, síbẹ̀ Ànábì Ọlọ́hun ni. Ọ̀gá wa Muhammad náà rí ọdún ìbànújẹ́ nígbà tí Khadija àti Abu Talib kú. Òun ló sì kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun kò pèsè oògùn fún, pé kí a máa wá ìtọ́jú. Kò yọ àìsàn ọkàn sílẹ̀. Nítorí náà ni ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ sí Káírò ní ọdún 1284 ṣe ní àyè fún àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàárẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ó hàn nínú èyí pé oògùn àti ènìyàn rere jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 pẹ̀lú, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ń pe aláìsàn ní wèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má dá ẹrù náà gbé. Ohun tí ẹ ó sọ fún aláìsàn ni kí ẹ sọ fún ara yín: ẹ tètè lọ rí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó sùn. Àwa ààfáà, kí a ṣe àdúà fún wọn, kí a sì sin wọ́n dé ọsibítù; àdúà kò lé oníṣègùn jáde.

Kí Ọlọ́hun tu gbogbo ọkàn tí ó rẹ̀ lára, kí Ó sì san iṣẹ́ òru wọn ní ẹ̀san rere. Àmín.