Kọ̀ǹpútà Tí A Rà Láti Tà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìmọ̀ràn tí àwọn tí ó ti wà níwájú rẹ̀ máa ń fún un ni pé kí ó ra èyí tí yóò ṣeé tà nígbà tí ó bá parí ọdún mẹ́ta NCE. Ìmọ̀ràn náà bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀: ẹni tí ó ra nǹkan pẹ̀lú èrò àtità, gbèsè wo ni ó jẹ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwọn kan ní kò jẹ gbèsè kankan. Wọ́n ní kí olùrà la ojú ara rẹ̀, nítorí ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ojú wo ni ó rí inú bátìrì? Bátìrì a máa gbó díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń gba iná sí i, kò sì ní hàn lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Windows fúnra rẹ̀ ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: bí a bá tẹ àṣẹ powercfg /batteryreport, yóò kọ iye iná tí bátìrì lè gbà nígbà tí ó ṣì wà ní tuntun àti iye tí ó lè gbà nísinsìnyí. Olùtajà tí ó mọ èyí tí ó sì dákẹ́ kò fi ẹnu purọ́, ṣùgbọ́n ó fi ìdákẹ́ rẹ́ni jẹ.

Lójú tèmi, ọjọ́ tí a rà á ni gbèsè náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ThinkPad T480 tí Lenovo gbé jáde ní 2018. Bátìrì rẹ̀ kan ṣeé yọ nísàlẹ̀ láìtú skúrù kan, àyè méjì sì wà nínú rẹ̀ fún RAM, tí a lè fi kún un bí owó bá ti ń wọlé. MacBook Air kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 2008 tí ó ti kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń lẹ RAM rẹ̀ pa. Síbẹ̀ (ọjà kì í tẹ̀ lé ọgbọ́n ẹnikẹ́ni) MacBook a máa pa owó gidi fún ẹni tí ó bá tà á. Ohun tí ènìyàn ń sọ nípa nǹkan ni iye owó rẹ̀. Àtúnṣe ní tirẹ̀ jẹ́ ìwà tí ó wà nínú nǹkan náà. Láti oṣù kìíní 2021, òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà tuntun kọ máàkì àtúnṣe rẹ̀, nínú 10, síbi tí olùrà yóò ti rí i. Àwọn tòkunbọ̀ tí àwa ń rà kò ní irú máàkì bẹ́ẹ̀ lára, ẹnu olùtajà nìkan ni a ń wò.

Ẹnìkan lè ní òtítọ́ a máa dín owó kù, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rówó ọkọ̀ kò lè ronú kan ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó máa ń ra àlòkù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bí kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí òun náà kò rówó ọkọ̀?

Ní ti àṣírí ìṣílé, kò sí àríyànjiyàn: ẹni tí ó ta ẹ̀rọ láìyọ ọ̀rọ̀ aṣínà BIOS tàbí àkáǹtì Apple rẹ̀ kúrò ti ta òkú. Èyí tí ó ṣòro ni ti àléébù tí a kàn ń fura sí, bí ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń kú lójijì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí olùtajà sọ ìfura rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí olùrà lò ó di ọjọ́ kejì kí owó tó pé.