Ta Ló Ni Ojú Irin?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ìbéèrè kan ń jà lọ́kàn mi. Bí ẹni tó ni ọ̀nà bá pa á tì, tí ẹlòmíì wá sọ ọ́ di ibi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, ta ló ni ín?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta tòmátì lẹ́bàá ojú irin ní Agége fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà ìsinmi, èmi náà á jókòó tì wọ́n. Bàlúù tó fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà á kọjá lókè orí wa, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ṣùgbọ́n bí fèrè rélùweè bá dún pẹ́nrẹ́n, gbogbo ọjà á dìde. Apẹ̀rẹ̀ á lọ sọ́tùn-ún, àpótí á lọ sósì. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù á wọ́ gbirigbiri kọjá, ọjà á sì tún padà sójú irin.

Ojú irin yẹn dàgbà ju ọjà lọ. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó. Nígbà tó di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Ẹ̀ka kan ya lọ sí èbúté Àpápá láti máa kó ẹrù. Nígbà tó yá, tírélà gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, rélùweè wá di àlejò lójú ọ̀nà ara rẹ̀. Ológìnní re àjò, ilé dilé èkúté.

Lọ́jọ́ kan, fèrè pẹ́ kó tó dún. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ráyè gbé: ọmọ ẹni tí wọ́n jọ ń tajà, tó ń rá kòrò lórí irin. Tòmátì wọn di ọbẹ̀ lójú irin. Inú bí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Wọ́n ní, "Má ṣépè. Ṣebí àwa la jókòó sójú ọ̀nà ẹ̀."

Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ohun téèyàn bá ti lò pẹ́ ló ń di tiẹ̀, ẹni tó yá ìwé mi láti ọdún tó kọjá ti ni ín nìyẹn! Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀hún ò pé. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù ò lè dúró lójijì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní fèrè. Lójú tèmi, ẹni tó bá lè tẹ èèyàn pa jẹ ẹni náà ní ìkìlọ̀, kódà bí ẹni náà bá jókòó síbi tí kò yẹ. Ẹni tó ni ọ̀nà ló ni fèrè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, 157 kìlómítà. Ó fẹ̀ ju ti àtijọ́, ó sì yá ju ti àtijọ́. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ bí ìrìn bá ṣe ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìkìlọ̀ tètè máa jáde.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti gba ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí fèrè bá dún lókèèrè, wọ́n ṣì máa ń dìde. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, lọ́la, àwa náà lè di ẹni tó ni ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fọn fèrè.