Ta Ni Yóò Tu Koríko Náà?

Bí a bá sọ fún ìyá wa nílé pé kí wọ́n má fín oògùn koríko síwájú ilé mọ́, ta ni yóò bá wọn tu koríko náà?

Ẹ má rò pé ìbéèrè kékeré nìyẹn. Ẹ wo Odò-Ape, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbbà/Bùnú, ìpínlẹ̀ Kogí. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, koríko á bo àgbàlá, ejò á ríbi sá sí. Àwọn ọ̀dọ́ ti kọrí sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá. Ẹ̀yìn ń dun àgbà, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń fín oògùn á gbé àgbá kọ́ ẹ̀yìn, á gbowó díẹ̀, ọjọ́ mélòó kan sí i, gbogbo rẹ̀ á ti gbẹ. Ta ló fẹ́ bá wọn wí?

Síbẹ̀, ewu ń bẹ. Bí èèyàn bá gbé paraquat mì, kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ ní Yúróòpù ti lé e kúrò lọ́jà láti 2007. NAFDAC fòpin sí i ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ní ti glyphosate, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní àjọ ìlera àgbáyé sọ ní 2015 pé ó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á. Iwájú ilé wa ni adìyẹ ti ń jẹ̀, ibẹ̀ lọmọ ti ń rá.

Lẹ́yìn náà, oògùn ń pa koríko, kì í fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ibi tó pá yẹn, òjò á wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, koríko burúkú ló sì máa kọ́kọ́ padà síbẹ̀.

Ọ̀nà ọwọ́ wà. Lẹ́yìn òjò, tí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó so èso. Èkan ò gbọ́ ti àdá, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ń rìn. Ọkọ́ lẹ ó fi wú u, kẹ́ ẹ sì ṣa gbogbo èérún rẹ̀, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù á tún hù. Ibi tó pá, ẹ tú u, ẹ po ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà mọ́ ọn, ẹ gbin koríko tó ń rà nílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ sọgbà yí i ká títí yóò fi mú ilẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà wá ṣa èyí tó tún yọrí.

Ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń béèrè? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ní kí wọ́n má fín oògùn, tá ò sì mú ọwọ́ wá, a kàn gbé ẹrù kúrò lórí ilẹ̀, a gbé e lé ìyá lẹ́yìn ni. Àwọn baba wa mọ èyí ní tiwọn: nínú àárò, tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la, nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ á bọ́ àwọn tó wá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Kérésì la sì sábà máa ń wálé, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Inú òjò niṣẹ́ yìí wà. Ẹni tí ò bá lè wálé nígbà yẹn, kó fowó ránṣẹ́, kí wọ́n fi gba ẹni tó ní ọkọ́. Owó rẹ̀ á ju ti oògùn lọ. Àlékún yẹn ni iye tí ìlànà wa ń ná wa.

Ẹni tí kò bá lè ṣe èyíkéyìí ńkọ́? Kó má bá ìyá wí. Kó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má da oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ọmọdé má baà mu ún, kí wọ́n sì so adìyẹ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fín in.