Ta Ni A Ń Kọ́lé Fún?

Ìbéèrè yìí dà bí ti ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun dé Ìlobùú yóò rí i pé ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn.

Agbo ilé àwọn baba wa mọ ibi tí ó wà, ó sì mọ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í tètè gbóná. Oòrùn yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí ooru tó ráyè wọlé. Òjò ni ọ̀tá amọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi jẹ́ kí etí òrùlé gùn wálẹ̀ bo ògiri. Abẹ́ etí òrùlé yìí kan náà ni ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ìyá ti ń rànwú, tí ọmọdé ti ń sùn lọ́sàn-án, tí àgbà ti ń parí ìjà. Òrùlé dagẹ̀rẹ̀ sí àgbàlá àárín, omi òjò a sì ṣàn sínú ìkòkò. Àlejò kò lè ṣàdédé já lu àwọn obìnrin. Ó ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Súrà Núùrù, níbi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí a tọrọ àyè kí a tó wọ ilé onílé, a mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

A kò sọ pé kò ní àbùkù o. Yàrá ṣókùnkùn, èéfín ń ta ojú, iná kan ṣoṣo sì lè jó òrùlé koríko odidi àdúgbò. Ẹni tí ó bá ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní bá ẹni tí ó ra páànù jà.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé nígbà tí a gba páànù àti sìmẹ́ńtì, a fi ìrònú sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́, páànù tí kò ní àjà, fèrèsé tí ó kọjú sí oòrùn ìrọ̀lẹ́! Àwọn mìíràn a kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì fún ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, wọn a fi yàrá rẹ̀ sókè kí ará ìta lè rí i pé ìyá Alájì ń gbé òkè. Omi àlùwàlá pàápàá, ẹnìkan ni yóò máa gbé e gòkè fún un.

Hassan Fathy, ayàwòrán-ilé ará Íjíbítì tí ó kú ní ọdún 1989, ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba ní kí ó kọ́ abúlé tuntun fún àwọn ará Gourna nítòsí Luxor, tí ilé wọn wà lórí sàréè àwọn ará àtijọ́. Bíríkì amọ̀ ni ó lò, ó fi àgbàlá sínú ilé, ó kọ́ mọ́sáláṣí. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ́ ọ fún kò kó wá. Ìdí sàréè wọ̀nyẹn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jẹun, ìjọba ni ó sì fẹ́ kí wọ́n kúrò, kì í ṣe àwọn fúnra wọn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ amọ̀ nìkan kọ́. Ilé lè bá ilẹ̀ mu, kí ó bá oòrùn mu, kí ó má sì bá ẹni tí yóò sùn nínú rẹ̀ mu. Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó ni owó ni ó ni àṣẹ. Owó rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́lé fún òbí rẹ̀ ní Ìfọ́n, kí ó tó pe bíríkìlà, kí ó jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan láti Àsùbáà títí di Iṣái, kí ó máa wo ibi tí wọ́n ń gbé àga wọn lọ bí oòrùn ṣe ń yí.