Hẹ̀rẹ̀huru Ará Ilé

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Ará Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò nílò ìtumọ̀ òwe yìí. Èkó kún, ọ̀pọ̀ èèyàn wá kọ́lé sí àwọn ìlú wọ̀nyí, ilé sì pọ̀ ju gọ́tà lọ. Bí òjò bá ṣú, ẹnìkan á yọ́ jáde, á da ìdọ̀tí sójú àgbàrá: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike ẹlẹ́rìndòdò, ìlédìí ọmọ. Ó rò pé omi ti gbé e lọ. Ìdọ̀tí náà kò kọjá àdúgbò kejì tó fi dí gọ́tà pa, tí omi wá ya wọ pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù, tí òun náà ń dí gọ́tà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ògùn nibí. Ṣé òfin la ó máa retí ni? Ewé mọ́ínmọ́ín ṣì wà lọ́jà (mọ́ínmọ́ín inú rẹ̀ sì dùn ju ti inú ọ̀rá lọ, ẹ má bá mi jiyàn). Ẹ gbé abọ́ yín lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ. Ẹ to ike jọ fún àwọn tó ń rà á. Ọ̀rọ̀ adàdọ̀tí-sójò ńkọ́? Ìpàdé onílé ni kí ẹ ti sọ ọ́, lójú rẹ̀, kí òjò tó dé.