Ẹ Kọ Ọ́ fún Un



Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Sakaráyà lórúkọ, tí ahọ́n bàbá náà sì ti so, Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́ fi yé wa pé àwọn ará ilé fi ọwọ́ júwe ìbéèrè wọn fún un. Òun náà ní kí wọ́n fún òun ní wàláà, ó sì kọ orúkọ Jòhánù sí i. Báyìí ni ẹni tí kò lè fọhùn ṣe ní ìpín nínú ọ̀ràn ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀ràn yìí wá sí àárín wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Osi àti Iloffa ni ó ń gbé ní Ìlọrin, ní Èkó àti lókè òkun, tẹlifóònù ni ó sì so wọ́n mọ́ ilé. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá gbé tẹlifóònù mọ́ ńkọ́? Kíá ni a ó wí pé ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Ẹ má yára dájọ́.

Àrùn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè tẹ́lẹ̀ ní neurofibromatosis irú kejì, èyíinì ni NF2. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 25,000 sí 33,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀. Kókó a máa hù sára iṣan tí ń gbé ohùn láti etí méjèèjì lọ sí ọpọlọ, ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sì sábà máa ń fara hàn. Ọ̀rọ̀ a máa dàrú létí aláìsàn náà, pàápàá lórí tẹlifóònù. Kíké mọ́ ọn kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí iṣan gan-an ni ó bàjẹ́. Ẹlòmíràn a tún máa ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ẹni tí ó mutí. Àrùn yìí kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn. Nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ní in jogún rẹ̀. Ìdajì yòókù sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ìka ẹ̀sùn sí ìyá tàbí bàbá.

Ní ọdún 1964, Robert Weitbrecht, adití kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí àwọn adití fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí wáyà tẹlifóònù. Ní 1990, òfin ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pèsè alágbàsọ: adití a tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, alágbàsọ a kà á sétí ẹni kejì, a sì tẹ èsì padà. Kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà, kò sì gbọdọ̀ tú àṣírí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, a fọwọ́ sí òfin kan ní Nàìjíríà tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ abirùn léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò ní bá wa kọ̀wé sí ọmọ wa.

Àwa fúnra wa ni yóò ṣe é. Ẹni tí ó mọ̀wé, kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ rọ́pò ìpè. Ìyá tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ọmọ iléèwé kan nínú agbo ilé lè ṣe alágbàsọ fún un. Kí Màmá sọ ọ́, kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ó má fi kún un, kí ó má yọ kúrò, kí ó má sì rò ó fún ẹlòmíràn. Ẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé tẹlifóònù lé e lọ́wọ́. Ẹ sì rántí pé ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ kí etí rẹ̀ tó di ṣì lè gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó fi ránṣẹ́. Màmá yóò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, ọmọ yóò sì ka èsì Màmá.

Bí ó bá sì wá sílé, ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹ kọjú sí i níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ní bírò àti ìwé nítòsí. Ẹ má ṣe parí ìpàdé ẹbí kí ẹ tó sọ fún un pé, "A ó sọ fún ọ nígbà tó bá yá." Sakaráyà kò dúró de ìgbà tó bá yá.

Ta ni ẹ pè tí kò dáhùn láti ìgbà díẹ̀ yìí? Ẹ kọ̀wé sí i lónìí, kí oòrùn tó wọ̀. Kí Olúwa tí ó la etí adití fún wa ní sùúrù sí ara wa. Àmín.